Omi Tí Kò Ní Ògiri: Ohun Tí Ó Mú Ìlúwẹ̀ẹ́ Inú Odò Yàtọ̀ sí Ti Inú Púùlù

Kí afárá tó dé orí àwọn odò ilẹ̀ Yorùbá, bí òjò bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí odò fi kún dé bèbè, tí kò sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí ó lè tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, igbá ńlá ni a fi ń kó èrò sọdá. Èrò á fi àyà lé igbá, á fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Òmùwẹ̀ tí ó fi ìkérò-sọdá ṣe iṣẹ́ ṣe á bọ́ sínú omi, á dojú kọ ọ́, á di igbá náà mú láti òdìkejì, á sì máa fi ẹsẹ̀ gbá omi lẹ́yìn títí tí àwọn méjèèjì yóò fi gúnlẹ̀. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti arìnrìn-àjò tí wọ́n gba ilẹ̀ wa kọjá ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn fúnra wọn ní láti fi ẹ̀mí lé igbá náà lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, ròyìn rẹ̀ sílẹ̀ tìyanu-tìyanu. Mo fi èyí ṣíwájú ọ̀rọ̀ mi nítorí pé àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Àtìbà àti ọmọ Ajílété, a fẹ́ràn láti máa wí pé ará òkè ni wá, pé ọ̀rọ̀ omi kù sọ́wọ́ Ìlàjẹ àti àwọn ará etí ọ̀sà; bẹ́ẹ̀ sì ni Odò Ọbà, tí ó ń jẹ́ orúkọ aya Ṣàngó, dùbúlẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà tí ó so ìlú wa méjèèjì pọ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1602, Pieter de Marees, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ̀wé nípa àwọn ará etíkun tí à ń pè ní Ghana lónìí, ó sì jẹ́wọ́ pé nínú ìlúwẹ̀ẹ́ àti nínú mímòòkùn, wọ́n ta àwọn ènìyàn tirẹ̀ yọ gidigidi. Láyé ìgbà náà, bí ọ̀pọ̀lọ́ ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń wẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì la omi níwájú àyà; ṣùgbọ́n ní etíkun Áfíríkà, apá kan ni wọ́n ń jù síwájú tẹ̀lé èkejì, tí ẹsẹ̀ sì ń gbá omi lẹ́yìn, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí freestyle. Nígbà tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà méjì fi irú ìwẹ̀ yìí hàn ní ìlú London ní 1844, àwọn kan níbẹ̀ kà á sí ohun tí kò yẹ ẹni tí ó lajú. Ọ̀nà yẹn kan náà ni ó yára jù lọ nínú gbogbo ìwẹ̀ lónìí.

Kí ni ó wá dé tí ó fi jẹ́ pé nínú omi tí a mọ ògiri yí ká ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ báyìí, tí ó sì fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó máa wá odò, ọ̀sà àti òkun kiri?

Púùlù tí wọ́n fi ń dije níbi Òlíḿpíìkì gùn ní mítà 50, ó fẹ̀ ní mítà 25, omi rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tutù ju ìwọ̀n 25 lọ tàbí kí ó gbóná ju 28 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìlà dúdú wà ní ìsàlẹ̀ tí ń darí ojú òmùwẹ̀, okùn tí ń léfòó wà lókè tí ń pa ìgbì kú kí ti ẹnìkan má baà da ẹnìkejì láàmú, aago sì wà lára ògiri. Gbogbo ohun tí ó lè ṣe ènìyàn ní kàyéfì ni wọ́n ti kó kúrò lọ́nà, kí ó lè kù síkàáwọ́ ara àti èémí nìkan. Ire ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́. Olùkọ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ketekete lábẹ́ omi, ọmọ náà rí ìsàlẹ̀, ó mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ba òun, ògiri kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ògiri yìí kan náà a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá wẹ kìlómítà kan nínú púùlù oní-mítà 25 yóò yí padà ní ìgbà 39, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan yóò sì fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ara rẹ̀ yóò fò síwájú láìjẹ́ pé apá rẹ̀ ṣiṣẹ́ kan. Bí ó bá gbé kìlómítà yẹn lọ sínú ọ̀sà, kò sí ògiri kankan tí yóò tì í, apá á sì mọ̀ ọ́n lára.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba òórùn tí ń ta síni nímú létí púùlù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òórùn yẹn ni ẹ̀rí pé omi náà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Chlorine tí a dà sínú omi láti pa kòkòrò àìfojúrí, bí ó bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ tí àwọn òmùwẹ̀ gbé wọlé, á pa pọ̀ mọ́ wọn di ohun mìíràn tí ń jẹ́ chloramine. Òun ni ó ń rùn, òun ni ó sì ń mú ojú pọ́n. Bí òórùn náà bá ti le jù, ó lè jẹ́ pé àwọn tí wọ́n wọ omi láìkọ́kọ́ fi omi ṣan ara ti pọ̀ jù ni. Nítorí náà ni ilé ìtura tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ wẹ̀ kí ó tó wẹ̀.

Odò, adágún, ọ̀sà àti òkun kò mọ ọ̀kan nínú àwọn ètò wọ̀nyí. Nínú omi tí ó pọ́n láwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn òjò, òmùwẹ̀ lè má rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ bí ó ti ń na apá síwájú; kò sí ìlà dúdú, ara kò sì mọ̀ nígbà tí ó bá ń yà lọ sápá kan. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń yan igi ńlá kan, òkúta kan tàbí òrùlé kan ní òdìkejì, tí yóò máa gbé ojú díẹ̀ sókè lẹ́yìn ìgbà mélòó kan tí apá bá ti yí, kìkì ojú, láìgbé orí, nítorí bí orí bá gòkè, ẹsẹ̀ á rì. Yóò kọ́ láti máa mí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, nítorí pé ìgbì kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó bu omi sí i lẹ́nu. Bí ó bá wà nínú adágún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òòrùn á ti mú kí òkè omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á kan òtútù tí òòrùn kò dé, á sì mọ̀ lójijì pé omi tí òun rò pé ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní ìpele-ìpele. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nǹkan á yí padà: òkè á tutù, èémí á gé.

Ibi tí ìgbádùn rẹ̀ wà gan-an nìyí, lójú tèmi. Nínú púùlù, ènìyàn ń ka iye ìgbà tí ó lọ tí ó bọ̀. Ọkàn rẹ̀ ráyè ronú owó ilé ìwé àti gbèsè. Nínú odò, ìṣàn omi, afẹ́fẹ́, igi tí ó fi ṣe àmì àti èémí rẹ̀ gba gbogbo ọkàn rẹ̀ pátá, tí kò fi sí àyè fún àníyàn kankan, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí yóò bá fi gúnlẹ̀, ara rẹ̀ ti rẹ̀ ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti fúyẹ́. Mo gbà gbọ́ pé ìgbádùn yìí ga ju ti púùlù lọ, mo sì gbà gbọ́ pé ẹni tí kò bá gba ọwọ́ púùlù tàbí ọwọ́ àgbà òmùwẹ̀ kọjá kò lè rí i, àfi ẹ̀rù.

Ẹni tí ó mọ bí omi méjèèjì ṣe yàtọ̀ tó ni Eric Moussambani, ọmọ Equatorial Guinea. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, ní Òlíḿpíìkì ìlú Sydney, òun nìkan ni ó lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà ní ìpele rẹ̀, nítorí pé àwọn méjì tí wọn ìbá bá a díje ti ṣáájú àṣẹ fò sómi, wọ́n sì lé wọn kúrò. Púùlù kékeré ilé ìtura kan ní Malabo ni ó ti gbára dì, pẹ̀lú òkun, níbi tí àwọn apẹja ti kọ́ ọ bí a ti ń lo ẹsẹ̀ àti apá. Kò tíì fojú kan púùlù oní-mítà 50 rí kí ó tó dé Sydney. Ó lo ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.72, nígbà tí ẹni tí ó gba góòlù lo ìṣẹ́jú-àáyá 48.30. Ní mítà àádọ́ta kejì, apá rẹ̀ wúwo débi pé àwọn ènìyàn rò pé yóò rì, ṣùgbọ́n kò di okùn mú, ó parí rẹ̀, gbogbo pápá sì dìde fún un. Àwọn kan fi ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ àwọn òmùwẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Òlíḿpíìkì fúnra rẹ̀ kò fi ti omi gbalasa ṣeré mọ́: láti Beijing 2008 ni ìdíje 10 kìlómítà ti wọ inú rẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, àwọn ará Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi ti ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ àti mímòòkùn díje pẹ̀lú ọdún ẹja pípa wọn, ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, tí UNESCO sì fi sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé tí kì í ṣe ohun àfọwọ́bà ní 2016. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Akinrodoluwa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Third Mainland Bridge ní Èkó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kìlómítà 11.8, kí àwọn ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ nípa ìlera ọkàn láìtijú. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, Yvette Tetteh, ọmọ Ghana àti Bírítéènì, ti wẹ nǹkan bí 450 kìlómítà nínú odò Volta, tí ọkọ̀ ojú omi ń tẹ̀lé e, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bu omi yẹ̀ wò láti mọ bí okùn tíntìntín láti ara aṣọ òkìríkà ti bà á jẹ́ tó.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ níí bómi lọ, wọ́n sì tún ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 300,000 ni omi gbé lọ ní ọdún 2021 nìkan, ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn lọ sì jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń lọ sí etíkun Èkó nígbà ọdún yẹ kí wọ́n mọ̀ pé bí omi òkun bá ń fà wọ́n lọ sí agbami, kí wọ́n má ṣe bá a jà tààrà. Kí wọ́n wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí tí wọn yóò fi jáde kúrò nínú ìfà náà, kí wọ́n tó kọrí sílẹ̀.

Ewu tí ó sún mọ́ wa jù kì í pariwo. Àtọ̀sí ajá, àrùn tí ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, ń gba ara ìgbín omi wá: kòkòrò kékeré ń jáde lára ìgbín, ó ń wọ awọ ara ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì nílò ojú egbò kankan. Ọ̀sán gangan, tí òòrùn mú, ni irú èyí tí ń ba àpòòtọ̀ jẹ́ ń tú jáde jù, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn ọmọ tí wọ́n jáde ní ilé ìwé máa ń bọ́ sódò. Àgbègbè adágún Ọyán ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti jẹ ìyà rẹ̀ púpọ̀. Oògùn praziquantel ń pa aràn náà, ṣùgbọ́n kò ní kí ó má padà wá bí ọmọ bá tún wọ omi kan náà. Nínú omi tí wọ́n da chlorine sí bí ó ti yẹ, kòkòrò yìí kì í yè. Ìyẹn ni ohun tí púùlù fi sàn ju odò lọ, kò sì yẹ kí olùfẹ́ odò sẹ́ ẹ.

Àwọn ará Paris mọ bí omi ìlú ṣe ń ṣòro tún ṣe tó. Láti 1923 ni wọ́n ti fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ nínú odò Seine. Wọ́n ná nǹkan bí bílíọ̀nù 1.4 owó Euro kí àwọn òmùwẹ̀ Òlíḿpíìkì 2024 tó lè wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ òjò ńlá kan gbé ìdọ̀tí wọlé, wọ́n sì ní láti sún ìdíje kan síwájú. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí òjò ṣe sí Seine, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe sí gbogbo odò kékeré tí ó gba àárín Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn òjò. Adágún Erelú tí wọ́n sé lórí Odò Awọ́n ní Ọ̀yọ́ ní 1961, àti ti Ọbà tí wọ́n sé ní 1964 fún Ògbómọ̀ṣọ́, omi mímu ni wọ́n wà fún. Ibi tí wọ́n ti sé omi náà a sì máa fa ènìyàn mọ́lẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

Ní tèmi, ọmọ tí yóò bá wọ odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lè wẹ 200 mítà nínú púùlù láìdúró, kí ó lè dojú sọ́run léfòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìdi ohunkóhun mú, kí ó sì ti wọ omi náà lójú àgbàlagbà tí ó mọ ibi tí ìṣàn rẹ̀ ti le. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, etí bèbè nìkan ni kí ó máa wẹ̀ sókè sódò, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè kan ilẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá fẹ́.