Àlùwàlá

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Àlùwàlá ológbò, àtikẹ́ran jẹ ni." Ológbò a máa fi ọwọ́ nu ojú, a sì máa lá ara rẹ̀ títí yóò fi mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹran ni ó wà ní ọkàn rẹ̀. Òwe náà fi hàn pé ohun méjì ni ó wà nínú ìwẹ̀nùmọ́: omi tí ó kan ara, àti èrò ọkàn ẹni tí ń wẹ̀.

Ìlọrin jẹ́ ìlú tí a ti lè rí èyí dáradára. Láti ìgbà Shehu Alimi, àlùfáà Fúlàní tí ọmọ rẹ̀, Abdulsalami, di Ẹ́míà àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1823, ni ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ládàánì bá pe ìrun nítòsí Ọjà-Ọba, oníṣòwò a dìde nídìí ọjà rẹ̀, a gbé bútà omi, a sì lóṣòó láti ṣe àlùwàlá. Nítorí pé kò sí ìrun fún ẹni tí kò mọ́.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Olùwàásímímọ́ yóò kọ́kọ́ dá àníyàn nínú ọkàn, yóò sì dárúkọ Ọlọ́run. Yóò fọ ọwọ́ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Yóò yọ ẹnu. Yóò fa omi sí imú, yóò sì fun ún jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò fọ ojú, àti apá ọ̀tún dé ìgúnpá kí ó tó fọ ti òsì. Yóò fi ọwọ́ tútù pa orí ní ẹ̀ẹ̀kan, yóò pa etí tinú-tòde, yóò sì fi ẹsẹ̀ fífọ̀ dé kókósẹ̀ parí rẹ̀. Kùránì dárúkọ ojú, apá, orí àti ẹsẹ̀ ní orí 5, ẹsẹ 6.

Ní ọ̀nà Imam Malik, èyí tí ó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà, dandan ni àníyàn. Bí òjò pa ènìyàn títí ó fi rin gbingbin, kò tíì ṣe àlùwàlá bí kò bá ní in lọ́kàn. Bákan náà, oorun àsùnwọra a máa ba àlùwàlá jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀ àti ìgbẹ́, nítorí pé ẹni tí ó sùn kò lè ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Bí omi kò bá sí ńkọ́, tàbí bí omi bá lè pa aláìsàn lára? Táyámọ́mù wà fún un: yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ mímọ́, yóò sì fi pa ojú àti ọwọ́. Erùpẹ̀ kò lè fọ ìdọ̀tí. Nítorí náà ó hàn gbangba pé kì í ṣe ìdọ̀tí ara nìkan ni ìwẹ̀nùmọ́ yìí wà fún. Ó ń yọ ọkàn kúrò nínú èrè àti àdánù, ó sì ń mú un wá síwájú Ẹlẹ́dàá. Ní ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú, àwọn tí ń ṣe yoga a máa fi omi ṣan ihò imú wọn, kí èémí lè já gaara nígbà tí wọ́n bá jókòó ṣe àṣàrò.

Ṣùgbọ́n omi kò lè ṣe iṣẹ́ ọkàn. Ẹni tí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tán, tí ó padà sí ìsọ̀, tí ó sì fi ọwọ́ kan náà dín òṣùwọ̀n kù, àlùwàlá ológbò ni ó ṣe.