Ṣé O Mọ̀? Ẹranko Tó Sá Pamọ́ àti Ẹranko Tó Jáde Síta

Ṣé o mọ̀ pé nínú Jaws, fíìmù ọdún 1975 tó mú kí àìmọye ènìyàn máa bẹ̀rù òkun, ó ju wákàtí kan lọ kí o tó rí ẹja àkurákudà náà dáadáa? Ohùn orin méjì péré lò ń gbọ́, omi lásán lò ń wò, síbẹ̀ o ti ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga.

O rò pé ọgbọ́n ni wọ́n fi tọ́jú ẹja náà pamọ́, àbí? Rárá o! Ẹja mẹ́ta tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ni, omi iyọ̀ kò sì bá wọn lára mu, bíbàjẹ́ ni wọ́n ń bàjẹ́ ṣáá. Ni Steven Spielberg, ọmọ ọdún 27, bá sọ kámẹ́rà di ojú ẹja.

Ẹja onírin yìí tiẹ̀ lórúkọ: Bruce ni. Agbẹjọ́rò Spielberg ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀!

Ọjọ́ 55 ni wọ́n dá láti fi ya fíìmù náà. Mélòó ni wọ́n lò? Ọjọ́ 159!

Gbọ́ èyí ná: àgbá ló bani lẹ́rù jù nínú Jaws. Wọ́n ta ọ̀kọ̀ mọ́ ẹja lára, wọ́n so àgbá aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ìdí okùn rẹ̀. Àgbá ń sáré lórí omi, àgbá dúró, àgbá rì lójijì. A ò rí lẹbẹ, a ò rí eyín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ti dé abẹ́ ọkọ̀.

Orí òkú tó yọ lójijì nínú ihò ọkọ̀ ńkọ́, èyí tó mú gbogbo ilé sinimá pariwo? Wọn ò yà á lókun rárá. Inú adágún ìwẹ̀ ilé Verna Fields, obìnrin tó gé fíìmù náà tó sì gba Oscar nítorí rẹ̀, ni wọ́n ti yà á, wọ́n sì da wàrà oníyẹ̀fun sínú omi kó lè ṣú bí omi òkun!

Ta ló lè gbà gbọ́ pé àkurákudà gidi kan ló gba Hooper, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn inú ìtàn náà, lọ́wọ́ ikú? Wọ́n ti kọ ọ́ pé ó máa kú sínú àgò irin lábẹ́ omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ya àkurákudà gidi lókun Ọsirélíà, ọ̀kan há sínú okùn àgò tó ṣófo, ó sì jà bí ẹni máa fà á ya. Ìjà náà dùn ún wò débi pé wọ́n yí ìtàn padà, Hooper sì yè é.

Níbẹ̀ náà, òmùwẹ̀ kúkúrú ni wọ́n wá, wọ́n sì ṣe àgò kékeré tó bá a mu. Kí nìdí? Kí ẹja lè tóbi lójú rẹ ni!

Ó dáa, ká kúrò lókun. Ìṣẹ́jú 127 ni Jurassic Park ti ọdún 1993. Mélòó lo rò pé dinosaur fi hàn lójú sinimá? Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 péré! Èyí tí kọ̀ǹpútà yà nínú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

O rántí ife omi tó ń gbọ̀n nínú ọkọ̀ kí dinosaur ńlá kan tó dé? Okùn gìtá ni! Wọ́n gbà á kọjá nínú ọkọ̀, ẹnì kan ń ta á lábẹ́, omi sì ń jó yípo-yípo. Lójú tèmi, ife omi yẹn dára ju gbogbo eyín tó tẹ̀lé e lọ.

Ohùn tí àwọn dinosaur tó ń jẹ́ velociraptor fi ń pe ara wọn, tó ń mú ara rẹ bù máṣọ? Àwọn ìjàpá tó ń gun ara wọn ni wọ́n ti gba ohùn yẹn sílẹ̀. Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ìwọ náà tún kù!

Dinosaur onírọ́bà tó bani lẹ́rù jù nínú fíìmù náà sì ń bẹ̀rù òjò. Bí awọ rẹ̀ bá ti mumi tán, ó ń gbọ̀n rìrì, àfi káwọn òṣìṣẹ́ fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún gbẹ kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú.

Ṣé o mọ̀ pé The Birds, fíìmù Alfred Hitchcock tó jáde lọ́dún 1963, kò ní orin ìfòyà kankan? Ìyẹ́ àti igbe ẹyẹ nìkan ni, púpọ̀ nínú wọn ni Oskar Sala sì fi ẹ̀rọ iná mànàmáná ṣe ní Jámánì.

Jẹ́ kí n fi ibì kan hàn ọ́ nínú rẹ̀. Obìnrin kan jókòó síta ilé ẹ̀kọ́, ó ń mu sìgá, àwọn ọmọdé ń kọrin nínú kíláàsì. Ẹyẹ dúdú kan bà sórí irin ìṣeré lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn bà, òmíràn tún bà. Kò wẹ̀yìn, ìwọ nìkan lo rí i. Ìgbà tó máa fi yíjú padà, ẹyẹ ti bo gbogbo irin náà. Wọn ò tíì fẹnu sọ ẹnikẹ́ni o, ọkàn rẹ ti fò lọ!

Wá fi wé yàrá òkè ilé nínú fíìmù kan náà. Wọ́n ti sọ fún òṣèré náà, Tippi Hedren, pé ẹyẹ ẹ̀rọ ni wọ́n máa lò. Irọ́ ni: ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń ju ẹyẹ gidi lù ú.

O rò pé Tippi Hedren máa sá fún ẹranko lẹ́yìn ìyẹn? Òun àti ọkọ rẹ̀ ló tún ṣe Roar, tó jáde lọ́dún 1981, tí kìnnìún àtàwọn ẹbí rẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀, gidi ni gbogbo wọn. Nǹkan bí àádọ́rin òṣìṣẹ́ ló fara gbọgbẹ́. Kìnnìún ya ọmọ Tippi, Melanie Griffith, lójú, ó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bó awọ orí ayàwòrán wọn, Jan de Bont, kúrò.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́? Nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là 17 lọ sí i, èyí tó wọlé kò sún mọ́ ọn rárá. Mo ní tèmi láti sọ: kìnnìún tó kún ilé bí ọmọlẹ́yìn adìyẹ kì í jẹ́ ká dúró retí kìnnìún kankan.

 

Àwọn kìnnìún méjì inú The Ghost and the Darkness (1996) ní gọ̀gọ̀ tó kún dẹ́dẹ́. Àwọn gidi tí wọ́n pa ènìyàn ní Tsavo, ní Kẹ́ńyà, lọ́dún 1898 kò ní gọ̀gọ̀ rárá, akọ sì ni àwọn méjèèjì! Wọ́n ti fi awọ wọn tẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago tó rà wọ́n lọ́dún 1924. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ajá dìgbòlugi inú Cujo (1983)? Inú rẹ̀ ń dùn ni! Wọ́n ní láti so ìrù àwọn ajá náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa máa jù ú níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa pani.

Open Water (2003) lo àkurákudà gidi, owó rẹ̀ kò ju nǹkan bí 120,000 dọ́là lọ. The Meg (2018) lo ti kọ̀ǹpútà, ó sì ju mílíọ̀nù dọ́là 130 lọ. The Meg pawó tó pọ̀ ju ti èkejì lọ fíìfíì, àmọ́ Open Water ni kò ní jẹ́ kó o wẹ̀ lókun lọ́sẹ̀ yìí.

Kì í ṣe pé ìran àwòyanu kò níyì o. Béárì inú The Revenant (2015) hàn kedere látorí dé ìrù, ẹ̀rù sì bà wá. Ṣó o mọ ohun tó fà á? Ó fi ọkùnrin tó kọlù sílẹ̀, ó kúrò, ó tún padà wá! Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ búlúù ló sì dúró fún béárì náà nígbà ìdánrawò, kí kọ̀ǹpútà tó wọ ọ́ láwọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Alien ti ọdún 1979: wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ fíìmù gẹ́gẹ́ bíi Jaws inú òfuurufú. Ẹranko abàmì náà kò hàn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ló wà nínú awọ rẹ̀? Bọ́lájí Badéjọ, ọmọ Èkó!

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni, ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí i. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́wàá ni gíga rẹ̀! Ìrù aṣọ náà kò jẹ́ kó lè jókòó sórí àga, ni wọ́n bá so jangirọ́fà fún un.

Fíìmù kan ṣoṣo tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn; ọmọ ọdún 39 ni nígbà tó kú lọ́dún 1992. Bó o bá tún wo Alien, má pa á kíákíá: dúró de orúkọ àwọn òṣèré, wá Bolaji Badejo, kó o sì pe àwọn ọmọ ilé wá kà á.