Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń kùn tí kò yí: ẹ má tètè gbà pé ó ti jóná

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan ni, onítọ̀hún kò tíì gbé Aluu rí. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, àwọn ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ kún inú ilé tí a ń gbé, àwọn kan nínú àwọn obìnrin wa sì ń fi aṣọ wọn jẹun.

Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí a jọ wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ oníkòtò méjì ló ní: kòtò kan ń fọ aṣọ, èkejì ń yí i kíákíá kí omi lè jáde lára rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sípíìnì. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Keje, sípíìnì yìí dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí màmá bá ti tàn án, á máa kùn, kò ní yí. Aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló wà nínú omi, ẹ̀wù funfun ọmọ tó fẹ́ lò ó fún ìdánwò lọ́jọ́ Ajé sì wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn lè ní kí ló dé tí kò fọwọ́ fún un, kó sá a sóòrùn. Oòrùn wo? Ní oṣù Keje, aṣọ tí a fọwọ́ fún níbí lè lo ọjọ́ mẹ́ta kó má gbẹ, òórùn á sì ti gba ara rẹ̀. A kò sì tíì gbàgbé ìyẹ̀fun èéfín dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé Port Harcourt lórí ní ìparí ọdún 2016. Ẹni tó bá sá aṣọ funfun síta nígbà náà, aláwọ̀ eérú ló ń ká wọlé. Àtìgbà náà ni màmá ti ń sá aṣọ sábẹ́ ilé, bí sípíìnì ò bá sì ti gba omi ara rẹ̀, kò ní gbẹ níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá wò ó kò tú nóòtù kan ṣoṣo. Ó gbọ́ bó ṣe ń kùn, ó ní kọ́ìlì ti jóná, ó sì dárúkọ owó tó lè ra ìdajì tòkúnbọ̀ mìíràn. Màmá ní kó jẹ́ kí òun ronú. Ọjọ́ kejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ikwerre tó ń tún fáànù ṣe ní ojú ọ̀nà wa, wá bá a wò ó.

"Mama, ṣé ó ń rùn bí ohun tó jóná?"

"Rárá, ọmọ mi. Ó kàn ń kùn ni."

"Tó bá ń kùn, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó dì í mú."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bí sípíìnì bá dákẹ́ lọ bí òkúta, iná ni kò dé ibẹ̀: ẹ wo púlọ́ọ̀gì, ẹ wo táímà, ẹ wo súìṣì kékeré tó wà lábẹ́ ìdérí. Ṣùgbọ́n bó bá ń kùn, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé nǹkan dì í mú. Ó lè jẹ́ kapásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń bá ẹ́ńjìnnì gbéra, ló ti rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iná fúnra rẹ̀ ni kò lágbára. Ẹ má sì jẹ́ kó kùn pẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí iná wà lára rẹ̀ tí kò lè yí máa ń gbóná kíákíá, ibẹ̀ ni kọ́ìlì ti ń jóná lóòótọ́.

Ọmọ náà yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Sípíìnì oníkòtò méjì kì í lo bẹ́líìtì. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni agbọ̀n tí a ń kó aṣọ sí jókòó lé, bíréèkì sì wà láàárín wọn. Bí a bá ṣí ìdérí, bíréèkì á mú agbọ̀n náà. Bí a bá pa á dé, wáyà kan á fa bíréèkì kúrò. Ó ní kí màmá máa ṣí ìdérí, kó sì máa pa á dé, òun ń wo ìsàlẹ̀. Wáyà ń mira, bíréèkì kò kúrò. Wáyà ti dẹ̀, ìpẹtà sì ti mú bíréèkì. Ó fa wáyà le, ó fi sándípépà ha ìpẹtà dànù, ó sì yọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan tó ti há sábẹ́ agbọ̀n. Ẹ̀rọ náà yí. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ibi tí ìpẹtà ti wá ló tún fi hàn wá: rọ́bà abẹ́ agbọ̀n ti ya, omi ọṣẹ ń kán sórí bíréèkì àti ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, kọ́ìlì á padà jóná ni, owó ńlá tí ẹni àkọ́kọ́ pè á sì wá di òótọ́. Rọ́bà náà kò wọ́n rárá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún ń kùn. Màmá figbe ta. Ọmọ náà padà wá, ó fi mítà wọn iná: 160 fóltì ló rí dípò 230. Ilé ti pọ̀ jù lórí tiransifọ́mà wa, bí gbogbo ayé bá sì ti tan iná lálẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Agbára tí irú ẹ́ńjìnnì yìí fi ń yí máa ń dínkù ju bí iná ṣe dínkù lọ. Bí 230 bá di 160, iná kò tíì dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń yí ti dín ju ìdajì lọ. Aṣọ tó rin gbingbin kò ní ṣí lójú kan. Láago márùn-ún ìdájí ni màmá ń fún aṣọ báyìí.

Ní ti kapásítọ̀, ẹ fi í lé rewáyà lọ́wọ́. Ó ń tọ́jú iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì, ó sì lè gbá yàn. Kí ẹ ṣáà rí i pé iye tó wà lára tuntun bá ti àtijọ́ mu.

Ẹ̀rọ oníkòtò kan tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní yí bí omi kò bá tíì jáde tán. Ẹ wo asẹ́ rẹ̀: ẹyọ owó, pín-ìnnì àti wáyà kọ́mú ló sábà máa ń dí i. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó dà sápá kan náà lè dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹbí sì ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà, 120 fóltì ni tiwọn, ẹ má kì í bọ iná ilé wa.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ti kọ́kọ́ dábàá fún màmá pé kí òun gé bíréèkì kúrò, kí òun sì so súìṣì ìdérí pọ̀, kó lè máa yí bí ó bá tilẹ̀ wà ní ṣíṣí. Sípíìnì lè yí ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ-ọmọ màmá, ọmọ ọdún mẹ́rin, fẹ́ràn láti máa na ọwọ́ sínú rẹ̀ kó fa aṣọ jáde. Màmá wo ọkùnrin náà, ó wo ọmọ, ó ní, "Ẹ kó irinṣẹ́ yín, ẹ máa lọ."

Ẹ̀wù funfun náà gbẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ tó ni ín wá gbé e lálẹ́, kò mọ nǹkan kan nínú ohun tí ojú wa rí.