Ẹ̀bùn: ìtumọ̀ méjì àti ìṣòro ìtúmọ̀ kan

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀- àti ọ̀rọ̀-ìṣe bùn ló bí ọ̀rọ̀-orúkọ ẹ̀bùn. Ní Pobè àti Sakété, bí mo bá gbọ́ "ó ní ẹ̀bùn orin", ohun àbínibí ni. Bí mo bá gbọ́ "ó gba ẹ̀bùn owó", ènìyàn ló fún un. Gbólóhùn ló ń ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni don ṣe rí ní èdè Faransé tí mo fi kàwé.

Ìṣòro dé nígbà tí a fẹ́ túmọ̀ fonds de dotation. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Faransé ti ọdún 2008, èrè irú owó bẹ́ẹ̀ nìkan ni a ń ná, àfi bí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ bá gbà kí a fọwọ́ kan owó náà gan-an. Bí a bá pè é ní "ẹ̀bùn owó" lásán, a ti ṣi òǹkàwé lọ́nà: ohun tí a bá bùn ọ ti di tìrẹ, o lè ná an tán.

Àwọn ọlọ́jà ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu: ojú owó, èyí tí oníṣòwò kì í jẹ. Nítorí náà, mo dábàá ẹ̀bùn ojú owó.