Bí A Ṣe Ń Tú Asẹ́ Epo Ọkọ̀ Tí Ó Há

Epo tí a ń bù sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kì í mọ́ títí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, èéfín àti ẹ̀rún irin máa ń wọ inú epo náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi asẹ́ kan síbẹ̀, tí àwọn mẹkaníìkì ń pè ní filtre. Ó rí bí agolo tòmátì. Bébà tí a ṣẹ́po lọ ṣẹ́po bọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Epo ń gba inú bébà náà kọjá, ìdọ̀tí á dúró síbẹ̀. Nígbà tí a bá ń pààrọ̀ epo, ó yẹ kí á pààrọ̀ asẹ́ pẹ̀lú.

A máa ń yí asẹ́ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń yí ìdérí mọ́ ẹnu ìgò. Rọ́bà roboto kan wà ní ẹnu rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí epo jò. Rọ́bà yìí ni ó ń fa wàhálà. Bí ẹni tí ó fi asẹ́ síbẹ̀ kò bá fi epo pa rọ́bà, tàbí tí ó fi sípánà yí i le koko, ooru á mú rọ́bà lẹ̀ mọ́ irin. Ọjọ́ tí wọ́n fi asẹ́ síbẹ̀ ni ó ti há, a kàn rí i lónìí ni.

Kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ rántí pé jáàkì nìkan kò tó. Ẹ fi ìtì igi tí ó lágbára gbé ọkọ̀ dúró, kí ẹ sì fi òkúta há táyà. Ọkọ̀ tí ó bá já lu ènìyàn kì í fún un láyè láti kígbe.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kí ẹ sì pa á. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kí ó má gbóná, nítorí epo gbígbóná ń bó ni lára. Ẹ tú epo àtijọ́ sínú abọ́ fífẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ara asẹ́ àti ọwọ́ yín.

Ẹ dojú kọ ìdí agolo náà, kí ẹ yí i sí òsì, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tètè máa ń ṣì í. Ó rò pé òun ń tú u, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó túbọ̀ ń dè é.

Bí kò bá yí, ẹ fi bébà oníyanrìn wé e, kí ojú tí ó rí ṣákaṣàka kọ sí agolo, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ fi bẹ́líìtì àtijọ́ yí i ká nítòsí ẹnu rẹ̀, níbi tí ara agolo ti le. Ẹ ki irin kan bọ inú ìyókù bẹ́líìtì náà, ẹ lọ́ ọ títí yóò fi fún asẹ́ pinpin, kí ẹ wá ti irin náà sí òsì. Ẹ rọra tì í, kí ẹ má ṣe já a.

Àwọn mìíràn á fi òòlù gbá irin ṣóńṣó wọ inú agolo náà, wọn á sì fi yí i. Èmi kì í kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ara agolo tinrín. Ó lè ya bí ewé, kí ẹnu rẹ̀ kù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí a bá sì ti lu ú, ọkọ̀ kò lè lọ títí a ó fi yọ ọ́. Bí ó bá ya, ẹ gbé irin pẹlẹbẹ sí etí èyí tí ó kù, kí ẹ máa fi òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀ sí òsì. Kí irin náà má ṣe ha ojú ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí asẹ́ bá já, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ṣé rọ́bà wà níbẹ̀? Bí kò bá sí, ara ẹ́ńjìnnì ni ó kù sí. Mo mọ dírébà kan tí ó ń ná ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́. Ẹni tí ó bá a pààrọ̀ asẹ́ kò wo ibẹ̀. Ó fi rọ́bà tuntun lé orí ti àtijọ́. Nígbà tí agbára epo tì í, rọ́bà yẹ̀, epo sì dà sójú ọ̀nà. Iná pupa tàn níwájú dírébà, ṣùgbọ́n ó ní kí òun kọ́kọ́ dé ìlú. Ẹ́ńjìnnì gan kí ó tó dé. Kò tíì san gbèsè ọkọ̀ náà tán.

Ẹ nu ojú irin náà dáadáa. Ẹ fi epo tuntun pa rọ́bà tuntun, kí ẹ fi ọwọ́ yí asẹ́ títí rọ́bà yóò fi kan irin. Lẹ́yìn èyí, fún ọ̀pọ̀ asẹ́, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyíkà kan ni a óò fi kún un. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára asẹ́ tàbí páálí rẹ̀; ẹ kà á. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, kì í ṣe sípánà.

Ẹ bu epo tuntun sí i, kí ẹ ṣáná sí ọkọ̀. Iná pupa gbọ́dọ̀ kú kíákíá. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí epo bá ń kán, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá kán, ẹ pa á, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì wọn epo.

Ẹ má da epo àtijọ́ sílẹ̀ tàbí sí ẹ̀bá kànga. Ó ń ba omi jẹ́, ohun tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dé e, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ náà àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn sínú ìwé yín, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ẹ óò tún pààrọ̀ rẹ̀.