Ẹ̀KỌ́ ÌSOPỌ̀ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍNÚ ILÉ: KÍ Ẹ TÓ YÁWÓ FÚN ỌMỌ

Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990, iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ wa mọ́. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ra router àti switch láti fi kọ́ṣẹ́ nínú ilé, ó yẹ kí òbí tí yóò yáwó, àti ẹni tí yóò ṣe onídùúró fún un, mọ ohun tí owó náà fẹ́ ṣe.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ agbo ilé wò ó. Switch ni ó ń so àwọn kọ̀ǹpútà inú agbo ilé kan pọ̀, ó sì mọ yàrá tí olúkúlùkù wà. Router ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, òun ni ó mọ ọ̀nà tó lọ sí agbo ilé mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní kò gba owó irin-iṣẹ́. Packet Tracer, tí ilé-iṣẹ́ Cisco ti Amẹ́ríkà ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ọmọ yóò ti máa so router àti switch aláfarawé pọ̀. Kí ó lò ó fún oṣù mẹ́ta ná, kí a lè mọ̀ bóyá ó tẹra mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí, router àlòkù méjì, switch kan àti kọ̀ǹpútà méjì ti tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí a tan ẹ̀rọ náà lójú yín. Ẹ rí i pé wáyà iná rẹ̀ àti wáyà tí a fi ń pàṣẹ fún un wà níbẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí olówó àkọ́kọ́ fi tì í ti kúrò. Wáyà tó so ẹ̀rọ pọ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 100 lọ.

Kí agbo ilé kìíní gba àdírẹ́sì 192.168.1.0, kí èkejì gba 192.168.2.0, kí ojú ọ̀nà àárín router méjèèjì gba 192.168.3.0. Àwọn àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ wà fún ìlò abẹ́lé, a kì í sanwó wọn. Kí ọmọ wá kọ́ router kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó lọ sí agbo ilé kejì. Bí iṣẹ́ bá lọ tí èsì kò bọ̀, kí ó yẹ router kejì wò: ó ṣeé ṣe kí a má tíì kọ́ ọ ní ọ̀nà àbọ̀.

Ní ti owó, ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹ má fi iṣẹ́ tí ọmọ kò tíì rí ṣe ìlérí àtisan gbèsè. Owó tó ń wọlé fún yín lónìí ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀. Bí ó bá wúwo fún ẹnì kan, kí ìdílé márùn-ún dáwó jọ ra ẹyọ irin-iṣẹ́ kan, kí rìsíìtì wà lórúkọ gbogbo wọn, kí ẹnì kan máa tọ́jú rẹ̀, kí a sì máa kọ ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lò ó sínú ìwé. Ohun tí a ń ṣe pẹ̀lú owó àjẹṣẹ́kù náà nìyẹn: ohun tí apá ẹnì kan kò ká, apá ẹgbẹ́ ká a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé yín.