Èrò Òǹkàwé lórí Apá Kẹta: Ọ̀ràn Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje

Ìwé mẹ́ta ni D. O. Fágúnwà so mọ́ ara wọn bí ọ̀wọ́ kan: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Igbó Olódùmarè (1949) àti Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje (1954). Ẹ̀kẹta yìí ni a pè ní apá kẹta Ògbójú Ọdẹ, orúkọ yìí gan-an ni ó sì kó o sí wàhálà. Òǹkàwé kì í fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ wọ̀n ọ́n, ti ìwé àkọ́kọ́ ni ó máa ń lò. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Frank Herbert gbé God Emperor of Dune jáde ní 1981, tí í ṣe ìwé kẹrin lẹ́yìn Dune ti 1965, ohùn àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò ṣọ̀kan.

Àwọn tí kò gba ti Ìrìnkèrindò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ọ̀nà tí Fágúnwà ti rìn tẹ́lẹ̀ ni ó tún gbà. Àkàrà-oògùn àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú ìwé kìn-ín-ní. Nínú ẹ̀kẹta, ó tún di Òkè Ìrònú. Akọni tún ń ròyìn, òǹkọ̀wé tún ń kọ ọ́ sílẹ̀. Igbó Olódùmarè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí díẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ni ó padà sí: ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn, ni ó sọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ka ohun tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ nínú The Novels of D. O. Fagunwa (1974) yóò rí i pé àwọn lámèyítọ́ náà ti yẹ àhunpọ̀ ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìwà inú àwọn ìwé wọ̀nyí wò dáadáa.

Síbẹ̀, bí ọ̀nà bá jọra, ibi tí a ń lọ kò jọra. Orúkọ ibì kan ni Láńgbòdó. Iṣẹ́ ọkàn ni ìrònú. Lójú ọ̀nà òkè tí a sọ lórúkọ ìrònú yìí ni òǹkọ̀wé fi ìlú Èdìdàrẹ́ sí, ìlú àwọn aláìgbọ́n, tí ọba wọn ń jẹ́ Ọ̀mùgọ̀diméjì. Kí òǹkàwé tú orúkọ yẹn wò: òmùgọ̀ kan kò tó, ó di méjì! Nínú Ògbójú Ọdẹ, Àgbákò ni ọ̀tá tí ó ń bani lẹ́rù, ẹni tí a ń bá jìjàkadì. Ní Èdìdàrẹ́, kì í ṣe iwin ni ó ń da ìlú rú, àìronú àwọn ènìyàn ni. Ẹ̀rù ìwé kìn-ín-ní di ẹ̀fẹ̀ nínú ẹ̀kẹta, ẹ̀fẹ̀ náà sì korò. Ẹni tí ó ń wá Àgbákò mìíràn kò lè ṣàìbínú.

Ọjọ́ orí òǹkàwé tún wà níbẹ̀. Láàárín 1930 sí 1939 ni Fágúnwà ṣe olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni ó sì wà tí ìwé àkọ́kọ́ fi jáde. Ọmọ ọdún 12 tí ó kà á ní 1938 ti di ẹni ọdún 28 ní 1954. Ìwé lè yí padà, òǹkàwé náà a sì ti yí padà.

Èyí kan olùkọ́-in-ìdánrawò tí a bá rán lọ sí Ìlọrà tàbí Fìdítì, lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Nínú kíláàsì kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ti ka Ògbójú Ọdẹ, kí Ìrìnkèrindò sì jẹ́ ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́ tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò ṣí. Ẹni ìṣáájú yóò ní àsọtúnsọ ni. Ẹnìkejì kò ní mọ ohun tí wọ́n sọ tún sọ. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Olùkọ́ tí ó bá sáré fi àmì àṣìṣe sí iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn ti pa èrò ọmọ lẹ́nu. Ìbéèrè tí ó yẹ kó ṣáájú ni èwo ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà ni kí oníkálukú ṣí ojú ìwé tí ó gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò ka ìwé tán kò ní ẹjọ́ láti rò.

Ní ti ìwàásù, àwọn aláròyé jàre. Àwọn ibì kan wà tí ìtàn dúró kí ìmọ̀ràn lè kọjá. Kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú irú ibẹ̀ kan, kí ó fo ìmọ̀ràn náà, kí ó sì fẹnu sọ ìyókù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìtàn náà bá ń lọ geere láìsí i, ẹ̀sùn náà ti ní ẹ̀rí. Kí wọ́n wá ṣe bákan náà sí Èdìdàrẹ́, kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ kúrò nínú ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n wo ohun tí yóò ṣẹ́kù.